Apá Òsì Aṣọ Iṣẹ́

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́, ẹ gbé aṣọ tí wọ́n ti tún ṣe, kí ẹ wá ibi tó ti ya lára rẹ̀. Ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fi jẹ́ aránṣọ ilé-iṣẹ́ páálí wa, mi ò tíì rí ẹni tó rí i. Ìyá mi á fa òwú tín-ín-rín yọ láti ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ aṣọ náà gan-an, wọ́n á fi òwú aṣọ rán aṣọ, wọ́n á fi èékánná tẹ ojú rẹ̀ kó dọ́gba, wọ́n á wá gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Ibi tó ya á wá dà bí ibi tí kò ya rí. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ wọ́n ní Ìyá Kòníhàn, torí ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá gbé aṣọ wá pẹ̀lú ìpáyà nìyẹn: "Gbé e síbẹ̀. Kò ní hàn."

Èmi náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Akọ̀wé ni mí, lókè, lẹ́nu ọ̀nà máníjà, èmi ni mo sì máa ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé sílẹ̀. Tí àlejò bá wọlé, tó ní aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ wa gún régé, mi ò ní jẹ́ kó jókòó tán kí n tó sọ fún un pé ìyá mi ló ni iṣẹ́ yẹn. Àbúrò mi ní ìgbéraga ń bá mi jà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ mọ nǹkan ṣe tó báyìí, tí kò sì gbéraga, ìṣòro tirẹ̀ nìyẹn.

Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló tò síbẹ̀, ẹ̀rọ kejì ló sì tóbi jù, èyí tó ní rólà irin méjì tó ń tẹ ìwé nínípọn àti gọ́ọ̀mù pọ̀ di páálí. Ẹni tó bá ń lò ó á fi ọwọ́ ọ̀tún di irin ìdarí mú, á máa fi ọwọ́ òsì ti ìwé sábẹ́ rólà. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan dí iwájú rólà náà nítorí ọwọ́ èèyàn. Gbogbo wa la gbà pé irin yẹn tó ààbò, torí kò sẹ́ni tó sọ pé kò tó.

Ìdí tí kò fi sẹ́ni tó sọ ọ́ ni Fọ́ọ̀màn. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, mo sì mọ̀ pé "wọn" ló yẹ kí n máa pè é. "Ó" ni mo máa pè é báyìí ná, kó lọ fẹjọ́ mi sùn níbi tó bá wù ú. Òfin ilé-iṣẹ́ ni pé ẹni tó bá fara pa, tàbí tí aṣọ rẹ̀ ya nídìí ẹ̀rọ, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìṣẹ̀lẹ̀. Òfin yẹn dára. Àmọ́ ní àràárọ̀ Mọ́ńdè, Fọ́ọ̀màn á gun orí pákó tí wọ́n ń to páálí lé, á kó àwọn fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́, á ní, "Àwọn tí ọkàn wọn ò sí níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí," á wá máa dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ á bọ́ síwájú bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Fọ́ọ̀màn rò pé òun ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Láàárín oṣù méjì, kò sẹ́ni tó tún kọ fọ́ọ̀mù mọ́. Fọ́ọ̀màn gbé fáìlì òfìfo náà lọ bá máníjà, máníjà sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èmi ni mo fún wọn ní omi mu lọ́jọ́ náà.

Yàrá tí ìyá mi ti ń ránṣọ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ iṣẹ́. Ó ní ilẹ̀kùn kan tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá, ó sì ní fèrèsé kan lẹ́yìn, tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń da pákó tó ti fọ́ sí. Láti ìgbà tí Fọ́ọ̀màn ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù Mọ́ńdè rẹ̀, fèrèsé ẹ̀yìn yẹn ló di ojú ọ̀nà. Èèyàn á yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba àárín pákó, á na aṣọ wọlé: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kó má hàn." Òfin ò gba aránṣọ láyè láti tún aṣọ tó ya nídìí ẹ̀rọ ṣe láìsí fọ́ọ̀mù. Ìyá mi mọ̀ ọ́n. Àmọ́ àánú àwọn èèyàn náà ń ṣe wọ́n, inú wọn sì ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo mọ ìyá mi, ìdùnnú yẹn ló pọ̀ jù.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí ọmọbìnrin kan dé láti yunifásítì. Ìwádìí ló wá ṣe, lórí ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́, àti ìdí tí èèyàn fi ń hu irú ìwà tó ń hù níbẹ̀. Ó kó fọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ wá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Onífọ́ọ̀mù kó tó di ọ̀sán. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló dá a lóhùn pé àwọn máa ń ròyìn ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan lára wọn sàmì sí "mo gbà gidigidi" níwájú gbólóhùn tó ní ọ̀gá òun máa ń fetí sí òun, ó tún sàmì sí "mo gbà gidigidi" níwájú èyí tó ní ọ̀gá òun kì í fetí sí òun.

Onífọ́ọ̀mù kó gbogbo rẹ̀ wá sórí tábìlì mi. "Àǹtí," ó ní, "mi ò gba ohun tí mo kó jọ yìí gbọ́. Ibi iṣẹ́ wo ni gbogbo nǹkan ti dára tó báyìí?"

Mo ní ibi iṣẹ́ tiwa ni. Irọ́ ni mo pa, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá sọ yàrá ìránṣọ di ibi ìsinmi rẹ̀. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n tún bọ́tìnnì rẹ̀ rán, wọ́n sì ń bá a tàkúrọ̀sọ lórí gbogbo nǹkan láyé yìí àyàfi fèrèsé ẹ̀yìn. Tí ẹnì kan bá kan fèrèsé nígbà tó wà níbẹ̀, ìyá mi á ní ológbò ni.

Ní Tọ́sídè kan, kó tó di àkókò ìsinmi òwúrọ̀, ẹ̀rọ kejì gbá ọwọ́ Bàbá Ìbejì mú. Èmi gbọ́ igbe náà lókè, mo sì gbọ́ ìgbà tí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá Ìbejì ti wà níbẹ̀. Kì í pẹ́ dé, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, orin ló máa ń kùn sẹ́nu láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ìka méjì ní ọwọ́ òsì wọn ló fọ́ yánnayànna, dókítà sì ní òun ò lè dá wọn padà. Kí wọ́n tó di báńdéèjì tán, Fọ́ọ̀màn ti kọ ìròyìn tirẹ̀: àìfarabalẹ̀ ló fà á.

Ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ máa jókòó lé e lórí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Tí wọ́n bá gba ìròyìn yẹn wọlé, wọ́n máa lé Bàbá Ìbejì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ "àìfarabalẹ̀" á sì wà nínú lẹ́tà tí wọ́n máa mú dání lọ síbòmíràn. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa ka ọ̀rọ̀ yẹn tó máa jẹ́ kí wọ́n tún sún mọ́ ẹ̀rọ.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, mo lọ kí ìyá mi nílé. Wọ́n jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọn ò rán nǹkankan. Kẹ̀kẹ́ òwú wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Ìbejì gbé aṣọ wá fún mi," wọ́n ní. "Apá òsì lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ojú kan náà."

"Ẹ̀yin àti ta lẹ ti sọ ọ́?"

"Ìwọ ni mò ń sọ ọ́ fún yìí."

"Ẹ jẹ́ kó parí sọ́dọ̀ mi. Màámi, ó ku oṣù mẹ́jọ kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì. Tẹ́ ẹ bá lanu, ẹ̀yin gan-an lẹ rú òfin. Wọ́n lè lé yín lọ láìfi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ṣe é. Ṣé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ parí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn?"

Wọ́n wò mí títí ojú fi ń tì mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Èmi ò bi ọ́ bí mo ṣe fẹ́ parí rẹ̀. Mò ń sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ ni." Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé omi kaná. Èmi tí mò ń fi ìyá mi yangàn káàkiri, èmi náà ni mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mi ò ní fi bò.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá mi ń yẹ aṣọ iṣẹ́ wò bó ṣe ń ti ibi ìfọṣọ jáde. Wọ́n ń wá iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn, wọn ò sì rí i. Wọ́n gbé aṣọ sójú oòrùn, wọ́n yí i padà, wọ́n fi ìka pa á lára, wọ́n ń kùn. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bínú sí ara wọn pé kí ló dé tí àwọn fi mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Nígbà tó di Wẹ́sídè, wọ́n ti rí mẹ́tàdínlógún. Wọ́n pe Onífọ́ọ̀mù jókòó, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ọ̀rọ̀ ológbò náà. Onífọ́ọ̀mù lọ bá máníjà pé òun fẹ́ kí aránṣọ wá sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

Máníjà jókòó nídìí tábìlì gígùn lọ́jọ́ ìpàdé, Fọ́ọ̀màn lápá ọ̀tún, ọ̀gá mẹkáníìkì lápá òsì, Onífọ́ọ̀mù lódìkejì, èmi níkangun pẹ̀lú ìwé mi. Bàbá Ìbejì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n gbé ọwọ́ tí wọ́n wé lé itan bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

Fọ́ọ̀màn ka ìròyìn rẹ̀. Ó wá ṣí fáìlì fún wa. "Ọdún méjì gbáko, kò sẹ́ni tó ní wàhálà nídìí ẹ̀rọ kejì. Òfìfo ni fáìlì yìí. Tí ẹ̀rọ ò bá ṣe ẹnikẹ́ni, tó wá ṣe ẹnì kan ṣoṣo, ta ló yẹ ká bi?"

Máníjà bi Bàbá Ìbejì bóyá wọ́n ní nǹkan sọ. Bàbá Ìbejì wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bóyá ọkàn mi ò sí níbẹ̀ lóòótọ́." Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá Ìbejì fúnra wọn sì ti gba ẹ̀sùn náà gbọ́.

Ìyá mi wọlé pẹ̀lú àpò aṣọ. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìgbìmọ̀, wọ́n sì to aṣọ mẹ́tàdínlógún sórí tábìlì tí a kì í gbé nǹkankan lé bí kò ṣe omi àti ìwé.

"Màmá, kí ni mò ń wò?" Máníjà bi wọ́n.

"Aṣọ iṣẹ́, sà. Gbogbo wọn ló ti ya rí."

Máníjà wọ awò ojú. Wọ́n yẹ ti àkọ́kọ́ wò, wọ́n gbé e fún ọ̀gá mẹkáníìkì, òun náà yí i síwá sẹ́yìn. "Kò sí ibi tó ya lára èyí, Màmá."

"Ẹ ṣeun, sà," ìyá mi ní. "Ó pẹ́ tí mo ti ń retí kí ọ̀gá kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Wọ́n wá yọ bíléèdì látinú àpò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo gbójú kúrò. Mo mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe máa ń pẹ́ tó lọ́wọ́ wọn, mo mọ bí ọrùn ṣe máa ń ro wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń tú u bí ẹni ń bó èèpo ọsàn. Ihò kan là níbẹ̀, ó tó orí àtàńpàkò. Wọ́n tú ìkejì. Wọ́n tú ìkẹta. Nígbà tó di ìkarùn-ún, máníjà ti fa àga sún mọ́ wọn. Wọ́n tú u títí dé ìkẹtàdínlógún. Wọ́n to àwọn apá aṣọ náà sétí tábìlì, èjìká lókè, ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀. Apá òsì ni gbogbo wọn, ìka mẹ́rin sókè ọrùn ọwọ́, àwọn ihò náà sì tò gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á.

Fọ́ọ̀màn tún ọ̀fun ṣe. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́tàdínlógún ni kì í farabalẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Fọ́ọ̀màn, ẹ bọ́ kóòtù iṣẹ́ yín fún mi."

"Kóòtù tèmi kẹ̀, Màmá?"

"Oṣù kẹta, ọjọ́ tí òjò rọ̀. Ẹ ní ẹ ń fi bí wọ́n ṣe ń tiwé han ẹnì kan. Fèrèsé ẹ̀yìn náà lẹ gbà wá."

Fọ́ọ̀màn fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì kóòtù rẹ̀ mú, ó ń wò ó bí ẹni pé aṣọ ẹlòmíràn ni. "Ẹ má wulẹ̀ tú u," ó ní. "Ibẹ̀ náà ló ti ya. Ojú ló ń tì mí." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ ó rí i pé mo ti padà sí "wọn". Ẹni tó bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀gá rẹ̀ àti lójú ẹni tó ti fẹ̀sùn kàn, mi ò lè máa pè é ní "ó" mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ò tíì parí. Wọ́n yíjú sí Bàbá Ìbejì. "Ọkàn yín wà níbẹ̀," wọ́n ní. "Nǹkan kan ń bẹ lára ẹ̀rọ yẹn tó ń fa aṣọ, ó sì ti ń fi ara rẹ̀ hàn láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ni mò ń bò ó. Ká ní aránṣọ burúkú ni mí ni, ọwọ́ yín ì bá ṣì pé."

Bàbá Ìbejì gbórí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìyá, àwa la ń gbé e wá fún yín."

"Mo mọ̀. Mo sì ń gbà á."

Máníjà dìde, gbogbo wa tẹ̀ lé wọn lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n pa iná ẹ̀rọ kejì, wọ́n dúró síbi tí Bàbá Ìbejì máa ń dúró sí, wọ́n sì na ọwọ́ òsì bí ẹni ń ti ìwé. Apá kóòtù olówó ńlá wọn kọ́ nǹkan kan, ó sì dá wọn dúró. Ọ̀gá mẹkáníìkì kúnlẹ̀, ó tanná sí i: ṣóńṣó nọ́ọ̀tì kan ló yọ síta lẹ́yìn irin ààbò náà, níbi tí ojú ẹni tó dúró ò lè dé. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n pààrọ̀ irin yẹn, nọ́ọ̀tì tó gùn jù ni wọ́n sì fi dè é. Tó bá ti fa aṣọ, èèyàn á já a gbà. Lọ́jọ́ tí aṣọ ò tètè já, ìwé á fa ọwọ́ lọ. Wọ́n fi ayùn gé e kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá Ìbejì padà síbi iṣẹ́, wọ́n fi wọ́n ṣe alábòójútó ibi tí a ń kó páálí sí, kò sì sí ọ̀rọ̀ àìfarabalẹ̀ nínú ìwé wọn kankan. Fọ́ọ̀màn ò gun pákó mọ́ ní Mọ́ńdè. Ìyá mi gba lẹ́tà ìkìlọ̀, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òfin tí wọ́n rú. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kà á, wọ́n ní ó dùn ún kà, wọ́n sì kó o pa mọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí iléèwé mi. Tí wọ́n bá ní kí n tẹ irú rẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn lọ́la, mi ò rò pé orí mi máa wú tó bẹ́ẹ̀.

Onífọ́ọ̀mù kọ ìwádìí rẹ̀ tán. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkà kọ́ ló ń mú kí òṣìṣẹ́ fi nǹkan pa mọ́, ìtìjú ni, àti pé ibi tí fáìlì bá ti ṣófo ló yẹ kí ọ̀gá ti kọ́kọ́ fura. Ó ka apá tó kan ìyá mi sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n wá béèrè bóyá ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ibi tó ya ò hàn tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kọ ọ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọ́n ní.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi béèrè lọ́wọ́ máníjà: òwú pupa, páálí kan. Aṣọ iṣẹ́ wa aláwọ̀ eérú ni. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni èèyàn ń gbé aṣọ gbà, òwú pupa ni ìyá mi sì fi ń rán ibi tó bá ya, pupa tó ń ta sójú láti òdìkejì gbọ̀ngàn. Tó bá di Fúráídè, ọ̀gá mẹkáníìkì á rìn káàkiri, á máa wo ara aṣọ àwọn èèyàn. Ibi tó bá ti rí pupa méjì lójú kan náà, á lọ dá ẹ̀rọ dúró.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìyá mi fẹ̀yìn tì, wọ́n mú ẹni tó máa rọ́pò wọn wá, obìnrin tó ti ń rán aṣọ ìyàwó fún ọdún mẹ́wàá. Ìyá mi gbé aṣọ iṣẹ́ tó ya fún un kí wọ́n lè mọ ọwọ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán ni mo gbé wá. Obìnrin náà fa òwú láti ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ aṣọ, ó fara balẹ̀ rán an, ó lọ̀ ọ́, ó sì gbé e fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá mi gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n fi àtàńpàkò pa á lára, wọ́n yí i padà, wọ́n tún yí i padà. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, wọn ò rí i. Mo rí ojú wọn bó ṣe tàn, mo sì mọ̀ pé ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọn ò tíì pàdé ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó wọn.

"Ó dára gan-an," wọ́n ní. Wọ́n na bíléèdì sí i. "Ó yá, tú u."